Ọjà tí Sàlámọ̀ gbé gun òkè Ìdáàṣà

Bí Sàlámọ̀ bá polówó omi tútù ní Houinmè nílùú Àjàṣẹ́, òkú tí òùngbẹ ń gbẹ á dìde béèrè iye ọ̀rá kan. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n èdè Nàgó àti Gun nìkan ló fi ń tajà. Faransé ò bá a tan rárá. Chakirath, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló ń gbọ́ ọ fún un. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni ọmọ náà gbé wáyé. Dókítà ti kìlọ̀: kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ gun ibi gíga.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan wá fẹ́ kó èèyàn gun òkè Ìdáàṣà, kí wọ́n fi wá owó ìwòsàn fún àwọn ọmọ tí irú àìsàn yìí ń ṣe. Chakirath ní òun á lọ.

“Ìyá, máàṣì ni, ti àánú.”

“Maṣé?” Ojú Sàlámọ̀ tàn. “Ọjà wo ni wọ́n ń ná lórí òkè tí wọn ò pè mí? A jọ ń lọ ni!”

Ìrìn ni Faransé ń pè ní máàṣì. Ọjà ni maṣé. Ọmọ náà mọ̀ pé ìyá òun ṣì í gbọ́. Ó wolẹ̀, ó ní, “Ẹ gbé omi púpọ̀.”

Òkè Ìdáàṣà ga débi pé àwòdì tó bá fẹ́ kọjá á kọ́kọ́ bà sí ìdajì, á mí. Kí Sàlámọ̀ tó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì, àwọn èwe ti ṣíwájú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí àtẹ kankan. Riad, olórí ẹgbẹ́ náà, bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá wa, ta lẹ fẹ́ tà fún, àwọn ọ̀bọ?”

“Ìwọ ni n ó kọ́kọ́ tà fún, àgbà ọ̀bọ! Ọjà dà?”

“Kò sọ́jà o. Òkè là ń gùn. Chakirath ló gbé àsíá níwájú.”

“Ó ń gun òkè?”

“Ó ní ara òun le.”

“Òun gan-an lẹ ń wá owó ìwòsàn fún!”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Riad. Sàlámọ̀ ti gbé agbọ̀n karí, ó ti kọrí sí àpáta. Sálúbàtà rẹ̀ já, ó fi ẹsẹ̀ lásán lọ. Ó ń ké orúkọ ọmọ, àpáta ló ń dá a lóhùn. Abẹ́ igi kékeré kan ló ti bá a, ó ká jọ bí ìgbín, ètè rẹ̀ funfun. Sàlámọ̀ feyín ya ọ̀rá omi, ó ń dà á sí i lẹ́nu. Omi ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé kì í ṣe ọjà?”

“Ẹ ì bá ní kí n má lọ.” Ó mí kúkúrú. “Ìyá, gbogbo ìgbà làwọn ẹlòmíì ń rìn fún wa. Mo fẹ́ rìn lẹ́ẹ̀kan.”

Riad àtàwọn ọkùnrin fi aṣọ gbé e sọ̀kalẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́.

Wọ́n kọrí sí Àjàṣẹ́, kí wọ́n lè sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Riad jókòó síwájú, kò lè wẹ̀yìn. Sàlámọ̀ gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé itan, ó ń fọwọ́ ra á láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀.

“Ìyá,” Riad sọ, “ẹ jẹ́ kó sinmi.”

“Mo mọ̀ pé ó ti kú, ọmọ mi. Ibí yìí ló máa ń dùn ún.”

Kò dáwọ́ dúró títí wọ́n fi wọ ilé wọn ní Dowa, tí àwọn obìnrin àdúgbò wá gba òkú lọ́wọ́ rẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́.