Adébíyìí àti Ilé Iná Tí Kò Ní Èéfín

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìkàrẹ́ wá sí Ọ̀kà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ẹ ó rí ilé-iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ọ̀tún tí wọ́n ti ń gé òkúta di táìsì. Páìpù èéfín gíga kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Páìpù náà ga débi pé lékèélékèé kì í lè fò kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ sinmi ní ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi lékèélékèé.

Ìdí páìpù yẹn ni Adébíyìí ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná. Kì í ṣe èédú igi tí Florence ìyàwó rẹ̀ fi ń lọ aṣọ ni mò ń wí. Èédú ilẹ̀ ni, òkúta dúdú tí wọ́n ń wà lápá Kogí, tí tírélà ń kó wá. Adébíyìí á dáná, omi á hó nínú ìkòkò irin tó tóbi ju ilé pásítọ̀ lọ, ooru rẹ̀ á yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á mú iná mànàmáná jáde, ayùn á sì máa gé òkúta lọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbójú lé iná ìjọba rí. Ẹ̀yin náà mọ iná ìjọba lọ́dọ̀ wa, àlejò tí kì í jókòó kó tó dìde ni.

Bí Adébíyìí bá ń darí bọ̀ nírọ̀lẹ́, eyín rẹ̀ nìkan lẹ ó rí. Florence máa ń sọ pé ojoojúmọ́ ni òun ń fẹ́ ọkọ tuntun, torí pé títí òun á fi fi kànìnkànìn dé ọrùn rẹ̀, òun kì í mọ ẹni tí yóò jáde lábẹ́ èédú. Ewúrẹ́ funfun tí wọ́n bá so sí àdúgbò yẹn láàárọ̀, dúdú ni wọ́n ń tú u lálẹ́, olówó rẹ̀ á sì máa jà pé wọ́n ti fi tẹlòmíràn pààrọ̀ tòun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa kan fún yín, torí òun ló bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwa ará Ọ̀kà tí oko wa wà lórí òkè, ẹni tó bá sùn sóko gbọ́dọ̀ dáná láàárọ̀ kí èéfín lè gòkè lórí ahéré rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní ohun tí yóò sè. Èéfín yẹn ló fi ń kí ará yòókù pé òun jí ire. Bí wọn kò bá rí i, wọn kì í dúró bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń bọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú àgbo lọ́wọ́ kan, àdá lọ́wọ́ kejì, torí wọn kò tíì mọ̀ bóyá ibà ni tàbí ejò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yìí dé, àwọn ará òkè ka páìpù rẹ̀ mọ́ ahéré. Wọ́n á jí, wọ́n á wo ìsàlẹ̀, wọ́n á ní, "Adébíyìí ti jí." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó mú ọkọ́.

Báyìí ni ayé ń lọ títí Akínlọ́lá, máníjà ilé-iṣẹ́ náà, fi pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní èédú ti tó gẹ́ẹ́. Ó ń dọ̀tí òkè, ó ń dọ̀tí ẹ̀dọ̀fóró, owó tírélà sì ń lé sí i. Gáàsì ló kàn. Wọ́n á kọ́ ilé iná tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, táńkà á máa gbé gáàsì wá láti apá gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń wa epo.

Ẹnjiníà tí wọ́n fi ṣe olórí ìkọ́lé náà ni Hanifah, ọmọ Ìkàrẹ́, tó máa ń dé akoto lé híjáàbù. Ọmọdébìnrin náà mọ iṣẹ́. Bí ó bá ti sọ pé kí wọ́n da kọnkéré, kọnkéré á ti máa gan kí wọ́n tó dà á. Adébíyìí máa ń lọ wò wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ẹni tó ń wo ilé ìyàwó kejì tí wọ́n ń kọ́ sí àgbàlá.

"Ẹnjiníà, ṣé gáàsì yìí ni òpin ọ̀rọ̀ báyìí?"

"Rárá, Bàbá. Gáàsì náà ń jó, ó kàn mọ́ ju èédú lọ ni. Ibi tí a ti máa sinmi ni, kì í ṣe ilé. Tó bá yá, a ó bọ́ sórí oòrùn."

"Ta ni yóò wá máa fi ṣọ́bìrì da oòrùn sí i?"

"Kò sẹ́ni tó ń dà á, Bàbá. Fúnra rẹ̀ ló ń wá."

Adébíyìí mi orí. "Ọmọ mi, iṣẹ́ yín ń dẹ́rù bà mí."

Ẹ̀rù náà kò sì ṣàìnídìí. Gáàsì kì í fẹ́ ṣọ́bìrì, àwọn tó ń da èédú sì pọ̀. Máníjà ti ní kí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa lọ sílé. Orúnkún Adébíyìí kò gba oko orí òkè mọ́, Fúnminíyì àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì. Bí wọ́n bá lé e níbí, kò síbi tó tún ń lọ. Máníjà pè é sí kọ̀rọ̀.

"Bàbá Fúnminíyì, mo fẹ́ fi yín sínú ilé tuntun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá ṣí i ni màá tó mọ̀. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Àbújá. Bí ọjọ́ yẹn bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ti dúró nìyẹn. Mi ò fẹ́ wàhálà, mi ò fẹ́ èrò ní géètì mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹ ò ní gbọ́ ìró mi."

Ọjọ́ pé. Wọ́n ti pa iná èédú láti ìrọ̀lẹ́. Ní òwúrọ̀, Hanifah tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ológbò tó yó. Iná tàn káàkiri ilé-iṣẹ́. Adébíyìí dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ tuntun, ó mọ́ tónítóní, Florence ti ya fọ́tò rẹ̀ nílé títí fóònù fi gbóná. Wọ́n ta kánópì, àwọn àlejò jókòó.

Fóònù Adébíyìí dún. Alhaji Múrítàlá ni, àgbà àwọn àgbẹ̀ lórí òkè Ìwàrò-Ọ̀kà.

"Adébíyìí, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Alhaji."

"A ò rí èéfín rẹ."

"Kò ní èéfín mọ́, Alhaji. Gáàsì ni."

"Mo ní a ò rí èéfín rẹ."

"Mo gbọ́. Iná wà níbẹ̀, ó ń jó. Kò kàn ní èéfín ni."

Alhaji wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ tó ń mú ọ sọ báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Alhaji."

"Má mikàn. À ń bọ̀."

Kó tó fi fóònù sápò, Florence ti pè.

"Bàbá Fúnminíyì, àwọn ará òkè ń kọjá níwájú ilé o. Ìyá Ummulkhair gbé àgbo. Àwọn kan gbé ọ̀pá méjì àti aṣọ, wọ́n ní bóyá wọ́n á ní láti fi gbé yín."

"Sọ fún wọn pé ara mi le."

"Mo sọ. Wọ́n ní bí ìyàwó ṣe máa ń sọ nìyẹn kó má baà di ariwo."

Adébíyìí wo géètì, ó wo àwọn àlejò, ó wo máníjà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lábẹ́ kánópì. Bí èrò bá dé, iṣẹ́ ti lọ. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá àwọn ará òkè padà lọ́nà. Ó yọ́ lọ sí ilé iná àtijọ́. Èédú díẹ̀ ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i, ó sì kó imọ̀ ọ̀pẹ tútù lé e. Èéfín díẹ̀ ló fẹ́, ìwọ̀n tí èèyàn lè fi kí èèyàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò mọ díẹ̀. Èéfín tó jáde lọ́jọ́ náà, wọ́n ní adìẹ Òkè-Àgbè wọlé sùn lójúmọmọ.

Àwọn ará òkè ti dé kọ́nà tó kẹ́yìn nígbà yẹn. Alhaji Múrítàlá rí i, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ó ti jí." Gbogbo wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n yí padà sóko.

Ibi tí Adébíyìí ti ń nu ojú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ara àpáta bọ́ sílẹ̀. Ó gbá èéfín náà mú, ó tì í wọ ilé tuntun látojú fèrèsé. Hanifah sì ti de ẹ̀rọ kan mọ́ ògiri níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbóòórùn lọ. Bó bá ti gbóòórùn ohun tí kò yẹ, kì í béèrè. Agogo dún. Gáàsì ti ara rẹ̀ pa. Ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Fáànù dúró. Àlejò pàtàkì wà lórí ìdúró tó ń sọ pé ilé iná yìí kò ní mú èéfín wá bá ará ìlú. Máìkì kú mọ́ ọn lẹ́nu, èéfín wá jókòó ti gbogbo wọn lábẹ́ kánópì.

Ẹ rò ó wò. Nígbà tí ilé náà ń ṣiṣẹ́, àwọn ará òkè ní ó ti kú. Ìgbà tó kú gan-an ni wọ́n ní ó ti jí.

Máníjà bá Adébíyìí nídìí iná pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́.

"Bàbá Fúnminíyì, kí lẹ ń sè?"

"Èéfín ni, sà."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti orí Alhaji dórí àgbo. Máníjà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀."

Adébíyìí bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì. Hanifah ti pa iná imọ̀, ó ti ṣí fèrèsé yòókù, ó sì ti tan ẹ̀rọ padà. Èéfín ń tán lọ lójú ọ̀run. Hanifah náà dé ibẹ̀, ó ń nu akoto rẹ̀.

"Sà, tí èéfín yìí bá tán, ṣé àwọn ará òkè kò ní tún padà?"

Máníjà wo òkè. "Wọn ò tíì dóko ni?"

"Rárá, sà," ni Adébíyìí wí. "Alhaji kì í yára rìn."

Fóònù Adébíyìí tún dún. Máníjà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Alhaji, máníjà ilé-iṣẹ́ ni. Kò sí nǹkan kan o, Adébíyìí wà láyọ̀."

"Ẹ ṣeun, máníjà," ni Alhaji dáhùn. "Ẹ má dá nìkan gbé e. À ń bọ̀ wá ràn yín lọ́wọ́."

Hanifah ló rántí fèrè ńlá tó wà lórí ilé àtijọ́, èyí tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́ nígbà kan. Ó ní kí Adébíyìí fọn ọ́n. Ó fọn ọ́n. Ewúrẹ́ tó wà ní ọjà Ìkàrẹ́ bọ́ lókùn. Adébíyìí gba fóònù.

"Alhaji, ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn?"

"Àwọn tó ti kú náà gbọ́ ọ."

"Èmi ni. Láti òní lọ, òun ni èéfín mi. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ láàárọ̀, mo ti jí."

Alhaji rò ó díẹ̀. "Ó dára. Kì í ta ni lójú, ó tún sàn." Wọ́n yí padà.

Máníjà kò fi í sídìí ẹ̀rọ. Ó ní bí òun bá wà láyé, Adébíyìí kò ní fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi fèrè lé e lọ́wọ́, Hanifah sì bẹ̀bẹ̀ kí ó tún máa ṣọ́ ọgbà kí ẹnikẹ́ni má mú iná súnmọ́ gáàsì. Bó ṣe di pé ẹni tó dáná imọ̀ ló ń gba ìṣáná lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ táńkà ní géètì nìyẹn. Kò wojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọlọ́pàá torí pé ó gbóná.

Ewúrẹ́ funfun ti ń sùn ní funfun báyìí. Florence ní òun kò rí ohun tí òun ń fi kànìnkànìn ṣe mọ́, ọkọ kan ṣoṣo ni òun wá ní.

Nígbà òjò tó kọjá, ibà gbé Adébíyìí dè. Ó sùn kọjá àkókò fèrè. Lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ gáàsì ń kùn, ayùn ń gé òkúta, kò sí ohun tó ṣe ilé-iṣẹ́. Àárọ̀ kò tíì gbó tí Florence fi ṣílẹ̀kùn, tó bá Alhaji Múrítàlá àti gbogbo òkè Ìwàrò lójúde, àgbo lọ́wọ́ kan, àdá lọ́wọ́ kejì.

"A ò gbọ́ èéfín rẹ̀," ni Alhaji wí.

"Ibà ni, Alhaji."

Alhaji fi àdá ti ara ògiri, ó gbé àgbo wọlé.