Aṣọ́lé Tó Gbẹ̀yìn Nínú Tábìlì Mi

Òórùn ẹrọ̀fọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ló kọ́kọ́ ń pàdé ènìyàn ní pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lẹ́bàá Ajah. Kí n tó fẹsẹ̀ tẹ pápá yẹn rárá ni mo ti gbé tábìlì jáde nínú ìwé ìròyìn wa: gbogbo aṣọ́lé obìnrin tó wà nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, láti ẹni kìíní dé ẹni tó gbẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí iye bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbà tí kò fi wọlé. Orí fóònù ni mo ti gba iye náà lẹ́nu àwọn akọ̀wé ikọ̀. Ìwọ náà mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí.

Lọ́jọ́ tí mo wá lọ, mo jókòó ti akọ̀wé ikọ̀ tí aṣọ́lé wọn gba ipò kìíní. Ẹlẹgbẹ́ aṣọ́lé náà rọra yí bọ́ọ̀lù sí i, ó tẹ̀ ba, ó gbé e. Akọ̀wé fa ìlà kan sínú ìwé.

"Ṣé èyí náà wà lára ẹ̀?"

"Ah, Ọ̀gá, ṣebí ó mú un!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ní òdìkejì pápá, ẹni tó gbẹ̀yìn nínú tábìlì mi ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu bọ́ọ̀lù dànù lọ́tùn-ún lósì, ẹrọ̀fọ̀ ti bo ojú rẹ̀. Nígbà tí eré parí, mo wo ìwé akọ̀wé tiwọn. Ìlà méjì péré!

"Èyí tó bá dì mọ́ àyà nìkan la máa ń kà," ni akọ̀wé náà wí.

Níbẹ̀ ni kóòṣì ikọ̀ àpapọ̀ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ka orúkọ àwọn tó yàn. Kò dárúkọ ọmọbìnrin ẹlẹ́rọ̀fọ̀ lójú yẹn. Mo sáré lọ bá kóòṣì.

"Kóòṣì, ṣé ẹ ò rí ohun tí ọmọ yìí ṣe ni?"

Fóònù ló ń tẹ̀ látàárọ̀. Ó na ìwé ìròyìn wa sí mi. "Oníròyìn, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́ ni?"

Ọmọbìnrin náà ti dé ẹ̀yìn mi, bàtà lọ́wọ́. "Sà, eré wa wo lẹ wá wò kẹ́ ẹ tó kọ ọ́?"

"Mi ò wá wo ìkankan rí."

Ó gbọn ẹrọ̀fọ̀ ara bàtà rẹ̀ dànù. "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

A tẹ àtúnṣe jáde lọ́sẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n ikọ̀ àpapọ̀ ti gbéra lọ láìmú un dání. Láti ọjọ́ náà, n kì í kọ iye kankan láìbéèrè ẹni tó kà á, àti ohun tó ń kà. Síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá kí mi kú iṣẹ́, òórùn pápá yẹn ló ń wọ̀ mí nímú.