Ọjọ́ Tí Mo Da Ásíìdì Ọmọ Mi Nù

Bí èèyàn bá wọ yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wa ní Kàbbà láyé ọjọ́un, á dà bíi pé ó fi kọ́bọ̀ sẹ́nu, lẹ́yìn náà ni ọ̀fun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Èmi ni mò ń tọ́jú irinṣẹ́ ibẹ̀ nígbà náà, ọmọbìnrin mi sì wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn. Òun nìkan ló kù fún mi. Ikọ́ ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nítorí náà, bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, èmi ti ka méjì.

Ó ń kọ́ bí a ti ń fi iná bátìrì fa bàbà jáde látinú omi. Ó tú iyọ̀ búlúù tí bàbà wà nínú rẹ̀ sínú ìgò fífẹ̀, ó fi ásíìdì díẹ̀ sí i, ó wá ri pẹlẹbẹ bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí apá kan, àti pẹlẹbẹ òjé tó yọ lára bátìrì lọ́rì tó ti kú sí apá kejì. Irin ló kọ́kọ́ dán wò dípò òjé, àmọ́ irin yòrò. Òjé kì í yòrò ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń hó, èéfín kíkan tó ń ru lára rẹ̀ ló sì ń mú ọmọ mi wúkọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Alágbẹ̀dẹ inú omi, ọkọ́ wa ńkọ́?" Òun náà á ní, "Ti bàbá yín ni mò ń rọ lọ́wọ́."

Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Kàdúná wá wo iṣẹ́ wọn, kó lè yan ẹnì kan tí ìjọba máa rán lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ṣáájú gbogbo ènìyàn wọlé. Aláró ni ìyá mi. Bí omi eérú bá le jù, tó ń jẹ ọwọ́, ó máa ń dà á nù, á fi omi tútù rọ́pò rẹ̀. "Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣì dúdú, aró ò tíì kú," ló máa ń wí. Mo wo inú ìgò ọmọ mi, mo rí aró. Mo dà á nù kí èéfín rẹ̀ má baà mú un wúkọ́ mọ́, mo tú iyọ̀ tuntun sínú omi kànga. Mo wọn iyọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kó má baà dín, àmọ́ n kò fi ásíìdì sí i. Àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ rárá. Inú mi dùn.

Nígbà tí ọmọ mi so wáyà níwájú àlejò, abẹ́rẹ́ mítà tó ń wọn iná kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Ó so bátìrì kejì mọ́ ọn, ó so ìkẹta. Abẹ́rẹ́ gòkè, ṣùgbọ́n dípò bàbà pupa tó ń dán, erùpẹ̀ dúdú ló bo pẹlẹbẹ náà, tó ń já bọ́ sísàlẹ̀ ìgò.

"Ṣé o fi ásíìdì sí i?" tíṣà rẹ̀ bi í.

"Mo fi sí i, sà. Mo wọ̀n ọ́n lánàá."

Tíṣà ju èèpo ẹyin, tí ásíìdì máa ń mú hó, sínú omi náà. Kò hó. "Ó wá ń parọ́ níwájú àlejò!"

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ọmọ mi yíjú sí mi. Ẹ̀kán omi búlúù mẹ́ta wà lápá ẹ̀wù funfun mi, ó sì rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dorí kodò. "Ó ní láti jẹ́ pé mo gbàgbé ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

N kò lanu. Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n yàn.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, nígbà tó ti di tíṣà ní Ìyàrá, ó wá kí mi. "Okun o, Bàbá," ló wí, bí wọ́n ti ń kíra ní Kàbbà. Mo ní kó jókòó, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá. Bí mo bá sọ, wọ́n á lé yín lẹ́nu iṣẹ́."

"Kí ló dé tí o kò fi bi mí?"

"Mo rò pé ẹ máa sọ fún mi."

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbéra ga pé kò sí òbí tó ń ṣọ́ ọmọ bí èmi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi: gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni ọmọ náà fi ń bá mi jẹun, tó ń retí gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu mi, èmi a sì máa bi í bóyá ó ti yó.