Ọkọ̀ Tí Tíṣà Sọ Di Oko

Òórùn ọ̀dà gbígbóná ló máa ń jí mi ní Ugbuwangue, àdúgbò wa létí omi. Bàbá mi, ará Ìlàjẹ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, yóò ti dáná sẹ́yìn ilé kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò máa fi ọ̀dà dí ojú ibi tí omi ti ń wọlé sínú ọkọ̀. Òórùn náà a gba aṣọ ilé-ìwé mi, àwọn ọmọ kíláàsì a sì máa pariwo pé, "Tar don land!" Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó dùn mí, tó ń bí mi nínú títí dòní, ni ohun tí tíṣà kọ̀ǹpútà wa ṣe fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé-ìwé wa ní Okumagba Layout. Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ló wà, wọ́n faṣọ bò ó, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ojú pátákó la ti kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé orúkọ ejò ni, ó ní, "Ejò kẹ̀? Wọn ò rí nǹkan mìíràn kọ́ yín ni?"

Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Tíṣà ní àmì = kò sọ pé nǹkan méjì dọ́gba; ó ń sọ pé ká kó ohun tó wà lọ́tùn-ún sínú orúkọ tó wà lósì. Ó ní "print" la fi ń ní kí ẹ̀rọ gbé ọ̀rọ̀ jáde. Ó ní bí a bá kọ "if", ká fi àmì kókó méjì (:) parí ìlà náà, kí ìlà tó tẹ̀ lé e sì sún wọlé díẹ̀, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé abẹ́ rẹ̀ ló wà. Ó wá ní orúkọ tó bá wù wá la lè fún nǹkan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ o: orúkọ tó bá wù wá!

Níbi ìdánwò tí wọ́n máa fi mú ẹni tí yóò ṣojú ilé-ìwé níbi ìdíje kọ̀ǹpútà, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi:

ọkọ̀ = 4
if ọkọ̀ > 3:
    print("Ó tó")

Ọkọ̀ mẹ́rin ni bàbá mi ń kàn lọ́wọ́ nígbà náà. Òun ló kọ́ mi ní Yorùbá kíkọ, kì í sì í gbà kí n fo àmì orí àti ti abẹ́ lẹ́tà. "Ohun tó o fẹ́ sọ ni kó o kọ," a sọ ọ́ títí á fi sú mi.

Tíṣà gbé ìwé mi sókè lójú gbogbo kíláàsì. "Who pour sand for this book? Computer no sabi vernacular o!" Ó fi bírò pupa pa gbogbo àmì tó pè ní iyanrìn rẹ́, ó sọ ọkọ̀ bàbá mi di oko. Bàbá mi tí kò ní oko kankan láyé ńbí! Mo ní, "Sir, abeg, make we on the computer, make we try am." Ó ní mo ń fojú di òun. Ó ní kí n tún un kọ láìsí àmì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní lọ. Mo kọ̀. Ọmọ mìíràn ló lọ síbi ìdíje, èmi ń gé koríko lẹ́yìn kíláàsì.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí mo ra kọ̀ǹpútà tèmi, ìlà mẹ́ta yẹn ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò janpata. Ó dáhùn pé: Ó tó. Mo fọwọ́ gbá tábìlì, inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Ẹni tí kò tan ẹ̀rọ wò ló ń gbẹnu sọ fún ẹ̀rọ!

Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun lónìí. Lóṣù tó kọjá, mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó èrò lórí omi níhìn-ín. Kò sẹ́ni tó dúró tì mí, kò sẹ́ni tó mú bírò pupa dání. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ, "oko" ni mo rí láti òkè délẹ̀. Inú tún bí mi, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe sí tíṣà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan dúró níwájú gbogbo kíláàsì, ó kọ̀ jálẹ̀. Èmi àgbàlagbà, tí mo mọ̀ dájú pé ó tọ̀nà, ni mo fọwọ́ ara mi pa àmì náà rẹ́.