Àmì Ìkẹyìn Tí Ó Gbà Wọlé

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi dúró sábẹ́ àkàbà, ó ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì, ó sì ń wo ẹ̀rọ kékeré tí a gbé sórí pákó níbẹ̀. Kì í jókòó títí ẹ̀rọ náà yóò fi gba àwọn àmì tuntun rẹ̀ tán.

"Mọ́mì, tíì yẹn á tutù," mo wí.

"Ẹ jẹ́ kó tutù. Tí mo bá jókòó báyìí, ẹ máa ní kí n bá yín wá awò ojú yín."

"Ojú mi ni awò mi wà."

"Ti òní nìyẹn."

Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé wa wà, kò jìnnà sí Ìgá Ìdúngànràn. Àwọn tó ń ta léèsì àti àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù ní wáàfù ló háyà àwọn yàrá ìsàlẹ̀, èmi àti ìyàwó mi ni a sì ń fún wọn ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ohun tó ń wọ kọ̀ǹpútà wọn àti ohun tó ń jáde níbẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀rọ yẹn kọjá. Ẹ̀rọ náà ní àmì oríṣiríṣi ọgbọ́n tí àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń dá; tí ó bá rí ohun tó jọ ọ̀kan nínú wọn, á dí i lọ́nà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń fi àmì tuntun ránṣẹ́. Ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, ni ìyàwó mi máa ń gbà wọ́n wọlé. Kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà láìkọ́kọ́ kí i pé, "Ṣé o jí ire?" Òun ló fi orúkọ àdúgbò sọ àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé. Èyí tó máa ń lọ́ra ń jẹ́ Lafiaji. Èyí tí ariwo rẹ̀ kì í tán ń jẹ́ Obalende.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní orí ń fọ́ òun. A gbé e lọ sí ọsibítù, kò bá wa padà wálé. A sin ín lọ́jọ́ kejì, bí ẹ̀sìn wa ti wí.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ní òfin kan. Bí ètò tó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ bá ti gbó, wọn yóò dá ọjọ́ fún un, wọn yóò sì kéde rẹ̀ ṣáájú. Títí di ọjọ́ náà, àmì tuntun á máa wá. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí mọ́. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ máa rí i gbà, kó fi ètò tuntun sí i. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún tiwa. Ìyàwó mi mọ̀. Ó ní lẹ́yìn ààwẹ̀ ni òun máa ṣe é. Èmi nìkan ni mo gba ààwẹ̀ náà.

Ọjọ́ tí wọ́n dá dé, ó kọjá. Ohun tí mi ò retí ni pé ẹ̀rọ náà kò kú. Iná aláwọ̀ ewé ara rẹ̀ ṣì ń tàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn olè ìgbà ayé ìyàwó mi nìkan ló dá mọ̀. Òun ló gba àwọn àmì yẹn wọlé kẹ́yìn, n kò sì fẹ́ kí ohunkóhun pa wọ́n rẹ́.

Mo pe ẹlẹ́rọ ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù.

"Ó lè gba ètò tuntun, sà," ó wí, "ṣùgbọ́n kò ní lè ka èyí tẹ́ ẹ tò tẹ́lẹ̀. Ẹ máa tún un tò látìbẹ̀rẹ̀ ni."

"Ẹ ò lè sún ọjọ́ yẹn síwájú díẹ̀ fún wa?"

"A kì í sún un, sà. Ta ló ń bá yín ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Mo ní kò sí nílé.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni irú olè tuntun kan wọ ilé kan ní àdúgbò Lafiaji gan-an, ó ti gbogbo fáìlì wọn pa. Onílèésì tó háyà yàrá iwájú lọ́dọ̀ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbọ́, ó sì wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ̀rọ Àǹtí yìí, ṣé ó mọ olè ti Lafiaji?"

"Iná rẹ̀ ṣì ń tàn."

"Iná! Iná ṣọ́ọ̀bù mi náà ń tàn. Ṣé ó mọ̀ ọ́n, àbí kò mọ̀ ọ́n?"

"Kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Àǹtí lẹ fi ń ṣọ́ wa. Àǹtí sì ti lọ sinmi. Gbogbo oníbàárà mi ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Tí ẹ ò bá ní lè ṣe é, ẹ sọ fún mi, kí n tètè wá ibòmíì."

N kò lè bínú sí i.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àkàbà. N kò kí ẹ̀rọ náà bí ìyàwó mi ti máa ń kí i. Mo ṣe bí ẹlẹ́rọ ti wí, títí ẹ̀rọ náà fi bi mí bóyá ó dá mi lójú pé kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo gòkè lọ po tíì. Nígbà tí mo padà dé, ìbéèrè náà ṣì wà níbẹ̀. Mo tẹ 'Bẹ́ẹ̀ ni'. Iná aláwọ̀ ewé náà kú.

Nígbà tó tún tàn, kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ: Lafiaji, Obalende, àti àwọn yòókù. N kò rántí orúkọ tí ìyàwó mi sọ kọ̀ǹpútà kékeré ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò sì sí ẹni tí mo lè bi. Mo fi í sílẹ̀ láìlórúkọ. Àwọn àmì tuntun ń wọlé. Ti olè Lafiaji wà nínú wọn. Mo wà lórí ìdúró títí wọ́n fi wọlé tán.

Mo pe onílèésì, mo ní ẹ̀rọ ti mọ olè náà báyìí.

"Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Ta ló bá yín ṣe é?"

Mo ní èmi nìkan ni.