Ó Fi Abẹ́rẹ́ Gbé Iṣẹ́ Obìnrin Yọ, Wọ́n Ní Kò Níṣẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni àbúrò mi kú, lórí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń ṣírò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó ń gòkè lọ sípàdé yà fún un bí ẹni yà fún omi tó dà sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé ó ń sinmi ni. Ta ló ń wo ojú agbálẹ̀?

Alábẹ́rẹ́ la máa ń pè é nílé, torí abẹ́rẹ́ kì í kúrò létè rẹ̀. Tó bá fẹ́ bá ọ wí, á kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ náà lẹ́nu. O ti wọ gàù nìyẹn. Kó tó ríṣẹ́ agbálẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ló fi tọ́jú ìyá wa tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo wà nílùú mìíràn, mò ń kọ̀wé nípa ìyà tó ń jẹ obìnrin.

Lọ́jọ́ kan, ó ń nu fèrèsé nígbà tí àwọn ọ̀gá ń jiyàn lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fẹ́ gbé kiri ojúlé láti fi ka àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀kan ní, “Obìnrin tó bá jókòó sílé, ẹ kọ ọ́ pé kò ṣiṣẹ́. Àbí abọ́ tó ń fọ̀ la máa kà mọ́ ọrọ̀ ajé?” Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín.

Ó pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé jíjókòó ni mo jókòó ti Màmá?”



Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó: aṣọ ìdáná, aṣọ ìnuwọ́, yúnífọ́ọ̀mù agbálẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi rán wọn di aṣọ kan tó tó ògiri. Obìnrin mọ́kànléláàádọ́ta ló wà lára rẹ̀: ọ̀kan ń wẹ̀ fún arúgbó, ọ̀kan ń fọṣọ, ọ̀kan ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà. Ẹ̀yìn wọn ló wá kọ́ ilé gíga kan lé.

“Ilé ta nìyí?” mo bi í.

“Ilé iṣẹ́ wa ni. Jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí nàró lẹ́ẹ̀kan péré, ká wo ibi tí alága á jókòó sí.”

Ó gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn ọ̀gá tó dé. Wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ abọ́ ọjọ́sí dúró síwájú rẹ̀ títí, ó ní, “Ìyá mi rèé.” Kí ọdún tó parí, ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù ti yí padà. Dípò “Ṣé ẹ níṣẹ́?”, ó di “Kí lẹ ti ṣe látàárọ̀ tẹ́ ẹ ti jí?” Ìròyìn tó tibẹ̀ jáde ni wọ́n ń gbé kiri ayé báyìí, tí wọ́n ń fi í yangàn.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ aṣọ náà: “A kò mọ ẹni tó ṣe é.” Ẹni tó ń gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́! Ó bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ní, “Ìyá, a máa tún un ṣe.” Ó di ọdún mẹ́fà, wọn ò tíì ṣe é.

Nígbà tí mo lọ gba ìwé ẹ̀rí ikú, akọ̀wé bi mí pé, “Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?”

“Ó ń fi aṣọ ya àwòrán. Ó tún ń gbálẹ̀ fún ìjọba.”

Akọ̀wé pe ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù. Mo gbọ́ èsì wọn ketekete: “A ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí. Kọngílá ló ń kó agbálẹ̀ wá.” Ó káàánú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́: Iṣẹ́: Kò sí.

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ má ṣe gbé òdòdó wá. Ta ló dáhùn fóònù yẹn? Ta ló kọ̀ láti kọ orúkọ àbúrò mi sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀? Àwọn wo ló yà fún un lórí àtẹ̀gùn? Ẹ dárúkọ wọn ní gbangba, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí ìwé tí akọ̀wé yóò fi tún ohun tó kọ ṣe. Òkú àbúrò mi ṣì wà ní mọ́ṣúárì. A ò ní sin irọ́ mọ́ ọn.