Ọ̀já Màmá Mi Lórí Òpó ní Kent

Ẹ gbà mí o, wọ́n ti gbé ọ̀já Màmá mi kọ́ sórí òpó nílùú Òyìnbó!

Àárọ̀ yìí ni Délé, àbúrò mi tó ń gbé ní Kent, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Àsíá pupa lórí òpó ni, ẹṣin funfun kan wà láàárín rẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde dúró. Irú aṣọ yẹn gan-an ni Màmá fi pọn àwa márààrún! Nígbà tí owó epo pọ̀ nílùú, tí ìjọba rán Bàbá wa lọ kọ́ṣẹ́ ní Kent, ni wọ́n rà á bọ̀.

Délé ní, "Àǹtí mi, àsíá Kent ni o! Gbogbo wa la sì tọ̀ sí i lára. Ẹ tètè gbà á lọ́wọ́ Màmá, kí àlejò má baà rí i."

Ojú tì mí. Mo sáré dé ilé wọn ní Ire-Akari, mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ.

"Màmá, àsíá lẹ fi pọ̀n wá o! Délé ní ẹṣin yẹn túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò ṣẹ́gun àwọn ará ibẹ̀ rí."

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Bàbá yín ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Kí lo rò pé ó jẹ́ kí n fi pọ̀n yín?"

Mo jókòó, mo bá wọn ká aṣọ.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni wọ́n fi pọ̀n yín? Ẹ sọ ọ́ síbí. Àmọ́ ẹ má bá mi du ipò kìíní o, ẹṣin ló gbé èmi!